Bọ́ọ̀dù Àpótí Ẹyin

Kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ya ọ̀nà iná sórí bàbà ní gbogbo Ìkọ̀lé àfi èmi. Ẹni tó bá wà, kó jáde. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n èmi ni mo tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, tí mo gbé orí rẹ̀ tó ń tu íǹkì sókè kí pátákó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bàbà ni wọ́n tẹ́ sójú pátákó ọ̀hún. Ibi tí íǹkì bá bà, ásíìdì kò ní lè jẹ ẹ́. Ìyókù á yọ́ dànù, ọ̀nà iná á sì ṣẹ́kù: bọ́ọ̀dù nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń sin adìyẹ ní Ìlúpéjú pè mí. Àpótí tí mo kàn fún un, èyí tó ń sàba lé ẹyin dípò àgbébọ̀, ti kú. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ ooru inú rẹ̀ ti jóná.

"Ṣé ẹ ti bo àwọn ẹyin náà?"

"Mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì wọ́n, mo fi ìgò omi gbígbóná há wọn láàárín. Ọmọ ìyá mi, àwọn ọmọ ti ń mira nínú wọn o! Bí òtútù bá pa wọ́n, uṣẹ́ rẹ ló pa wọ́n."

Láti ìgbà náà, ìdí mi ò gba àga mọ́. Mo tẹ àwòrán bọ́ọ̀dù sórí bàbà, mo já dráyà gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi tó ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kí n fi yan íǹkì náà.

"Dádì, irun oníbàárà mi ṣì tutù o!"

"Ní kó na orí sóòrùn!"

Mo gbọn abọ́ ásíìdì títí ó fi ta sí mi ní ṣòkòtò. Ìgbà tí mo gbé áísì, ẹ̀yà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ yẹn, lé bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ọ̀nà mu. Gbogbo àwòrán ti yí sódì, ọ̀tún ti di òsì. Áyọ́ọ̀nù ni mo fi ń lọ àwòrán láti ara bébà sára bàbà tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, dandan ni kí n kọ́kọ́ yí i sódì, torí a ń da ojú bébà délẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tèmi kò nílò ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára, mo tún ti yí i.

Ìyàwó mi yọjú. "Ọ̀gá pátápátá, ó ti dojú dé ni?"

Mi ò ní pátákó míì, ó di Adó kí n tó rí. Ẹ̀gbọ́n mi tún pè: omi inú ìgò ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo tún rìn. Àfi bí ọgbọ́n ṣe sọ sí mi lórí. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni à ń to àwọn ẹ̀yà sí, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń yọ sójú bàbà. Bí mo bá wá tò wọ́n sójú bàbà gan-an ńkọ́? Ọ̀tún á padà di ọ̀tún! Mo na ẹsẹ̀ áísì gbalaja bí alángbá, mo fi òjé jó gbogbo wọn mọ́ ọn.

Mo gun ọ̀kadà, mo di bọ́ọ̀dù mọ́ àyà. "Sáré!"

"Bàbá, ṣé ẹ jí nǹkan ni?" ọlọ́kadà bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹyin lé itan bí ọmọ ọwọ́. Ó wo bọ́ọ̀dù. "Kí ló dé tí ìfun rẹ̀ wà níta?"

"Bí àwọn tuntun ṣe rí nìyẹn."

Mo so bọ́ọ̀dù mọ́ àpótí, gílóòbù tó ń mú un gbóná sì tàn. A to ẹyin padà. Ó ní kí n jókòó jẹun, mi ò lè jókòó. Mò ń ṣí àpótí, mò ń fọwọ́ kan ẹyin, títí ó fi gbá mi lọ́wọ́.

"Pa á dé! Àbí ìwọ lo fẹ́ sàba lé wọn?"

Mo pa á dé, mo gbé etí lé e. Kó. Kó, kó. Ọmọ kan ń fẹnu sọ èèpo láti inú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ wá gbọ́ uṣẹ́ mi."