Pak Marwoto Ti Lọ sí Vietnam, Ó Wà ní Ilé Òdìkejì

Ọjọ́ tí Pak Marwoto ń lọ sí Vietnam, gbogbo abúlé wa ló jáde wá sìn ín. Imáàmù ṣe àdúà, àwọn ìyá àgbà sunkún díẹ̀, ọkùnrin náà sì bọ gbogbo wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde nílé, ó sọdá títì. Ó wọ ilé Bu Tuminah, ìyá tó ń gbé ní òdìkejì, ó gbé àpótí kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá tíì. Ibẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ tí bàálù gbéra.

Kò ya wèrè o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ ọjà márùn-ún la ní nílẹ̀ Jáfà: Legi, Pahing, Pon, Wage, Kliwon. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí èèyàn la fi ń mọ ọjọ́ tó dáa fún un láti jáde nílé. Kliwon ni bàálù máa gbéra, Kliwon ò sì bá orí Pak Marwoto mu rárá. Wulan ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Semarang, ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì bi bàbá rẹ̀ léèrè kó tó rà á. Bàbá wá ronú títí, ó ní ọjọ́ tí èèyàn bá ti jáde nílé ni ìrìnàjò ti bẹ̀rẹ̀, ti bàálù kọ́ nìyẹn. Ó bá jáde ní ọjọ́ Pon. Kò kàn gbọdọ̀ tẹ ilé rẹ̀ mọ́ títí bàálù á fi gbéra, torí ẹni tó bá padà sílé, ìrìnàjò rẹ̀ ti parí.

Bu Lasmi ìyàwó rẹ̀ ò bá a sọdá. Ó ní òun àti Kliwon ò jà, orí bẹ́ẹ̀dì òun lòun máa sùn. Tó bá di ọ̀sán, á gbé oúnjẹ lọ bá a.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Wulan. Báwo ni ìlú òkèèrè?"

"A dúpẹ́. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ yí ọrùn díẹ̀, ẹ ó rí i."

Ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọn já okùn ló wá le jù. Pak Marwoto jókòó síwájú ilé Bu Tuminah, ó ń mu tíì, ló bá rí ewúrẹ́ tó ń lọ bá ṣẹ́ẹ̀tì bàtíìkì rẹ̀ lórí okùn tí wọ́n sá a sí. Ó sáré dé etí títì, ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ó rántí, ó dúró.

"Ìyá Wulan! Ìyá Wulan o! Ewúrẹ́ ti já!"

Bu Lasmi yọjú lójú fèrèsé. "Ta ló ń pè mí?"

"Èmi ni! Ó ń jẹ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ ní Saigon!"

"Háà! Ṣé láti Vietnam lẹ ti ń rí ewúrẹ́ ilé? Ojú yín mà dáa o!"

Kó tó rẹ́rìn-ín tán, ewúrẹ́ ti gbé apá kan mì. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni lábúlé wa bá pẹ́ kó tó kúrò nílé, ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé ṣé Vietnam ló ń lọ.

Iṣẹ́ Pak Marwoto ni kó máa fi amọ̀ ṣe àwo tí a fi ń bo òrùlé, kó sun ún nínú ààrò. Bu Lasmi ní tiẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló fi ń kiri ẹ̀fọ́ láti ìgbà ọmọge. Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìrìnàjò yìí, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ọjà kan hàn ní Vietnam, láàárín odò gbalasa. Inú ọkọ̀ ojú omi làwọn obìnrin ti ń tà, inú ọkọ̀ làwọn tó ń rà náà wà. Bu Lasmi ní, "Ó mà wù mí o. Kí n jókòó, kí ọjà máa wá bá mi, kí n sì ná an." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, ó dìde, ó lọ fọ abọ́. Kò mọ̀ pé ọkọ òun gbọ́.

Àtìgbà náà ni Pak Marwoto ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Ètò náà ò sì tán. Ọdún ń gorí ọdún, orúnkún Bu Lasmi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, dókítà sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé kò ní pẹ́ mọ́ tí kò ní lè gun àtẹ̀gùn, áńbọ̀sì kó tó wá wọ ọkọ̀ tó ń mì. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí ò bá tètè ṣe, inú tẹlifíṣọ̀n nìyàwó rẹ̀ á ti máa wo ọjà yẹn títí ayé.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kán an lójú? Ó fẹ́ mọ gbogbo nǹkan kó tó lọ. Ọkùnrin kan wà ní Cilacap tó ti bá ọkọ̀ òkun dé Saigon. Pak Marwoto wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a, ó gbé tempe tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe dání, ó jókòó tì í.

"Ṣé àkùkọ wọn ń kọ bíi tiwa?"

"Pak, àkùkọ ni."

"Mo mọ̀ pé àkùkọ ni. Bó ṣe ń kọ ni mò ń béèrè. Kí ni wọ́n fi ń bo ilé?"

"Mi ò gbójú sókè o."

"O dé ìlú onílùú, o ò wo òrùlé wọn! Kí lo wá lọ ṣe níbẹ̀?" Inú bí i débi pé ó fẹ́ gba tempe rẹ̀ padà.

Ti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà tún burú ju ìyẹn lọ. Wulan to ìrìnàjò náà dáadáa, láti Saigon lọ síbi odò, kí wọ́n tó gòkè lọ síbi tí òtútù wà. Bàbá rẹ̀ mirí.

"Ọjọ́ Pahing nìyẹn bọ́ sí. Gúúsù ò dáa ní Pahing. Àríwá la máa kọ́kọ́ gbà, ká lọ sórí òkè, ká wá yípo padà."

"Bàbá, odò yẹn wà nítòsí! Ẹ fẹ́ sá fún un lọ sórí òkè kẹ́ ẹ tó wá a bọ̀?"

"Ṣebí ìlú la fẹ́ wò. Bá a bá yípo, a ó rí púpọ̀."

Wulan fóònù ìyá rẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá ní, "Jẹ́ kó yípo jàre. Ìwọ ṣáà bá wa lọ, kó má baà yí wa gba Ṣáínà."

Wọ́n lọ lóòótọ́. Wọ́n gun òkè, wọ́n yípo, wọ́n dé ìlú Can Tho tí ọjà orí omi wà. Pak Marwoto ti yan ọjọ́ tó dáa jù lọ fún omi. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe mọ́ tí orúnkún Bu Lasmi wú, tí kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n jókòó ti omi gbígbóná àti òróró ìfọwọ́ra títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì yìí ló burú jù fún omi nínú gbogbo ìṣirò rẹ̀, bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa wọ̀ kúrò sì ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Wulan ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Ó ní bàbá òun jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ìka ọwọ́, ó tún un kà, bóyá iye rẹ̀ á yàtọ̀. Bu Lasmi ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Bàbá Wulan. Mo ti rí odò lójú fèrèsé. Ó ti tó."

Ni Pak Marwoto bá dìde, ó wọ bàtà. "Ó yá, dìde ká lọ."

"Ẹ̀yin lẹ ní òní burú o."

"Jáfà ló ti burú. Ọjọ́ burúkú wa ò ní pásípọ́ọ̀tù. Báwo ló ṣe fẹ́ wọbí?"

Nígbà tí wọ́n padà dé, ìsọ̀ tíì wa ò rí ìsinmi. Pak Marwoto ń sọ bí wọ́n ṣe ń so ọjà mọ́ orí ọ̀pá gígùn kí èèyàn lè mọ ohun tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń tà, bí èéfín ọbẹ̀ ṣe ń rú nínú ọkọ̀ kékeré, bí Bu Lasmi ṣe fi èdè Jáfà ná ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́ obìnrin kan tó dé fìlà gogoro, tí obìnrin náà ń fi èdè tiẹ̀ dá a lóhùn, tí inú àwọn méjèèjì sì ń dùn. Gbogbo ìgbà tó bá tún un sọ ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà máa ń tóbi sí i. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a ò sì já a ní koro.

Pak Marwoto kú nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dùn wá gan-an. Nígbà tí à ń se oúnjẹ ogójì ọjọ́ rẹ̀, Bu Tuminah bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọjà náà bí olóògbé ṣe máa ń sọ ọ́, fìlà gogoro àti gbogbo rẹ̀. Bu Lasmi bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Ta ló rí fìlà? Bàbá Wulan? Kò rí nǹkan kan o! Bá a ṣe wọ ọkọ̀ ló ti dijú. Ó di aṣọ mi mú gírígírí, ó ń ka àdúà, ó ń làágùn. Ọjọ́ burúkú yẹn wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ní kó lajú, kó wo bó ṣe rẹwà. Ó ní, 'Ìwọ bá mi wò ó. Wò ó dáadáa, o máa sọ fún mi tá a bá dórí ilẹ̀.'"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Wulan pàápàá ò mọ̀, iwájú ọkọ̀ ló jókòó sí.

Bu Tuminah ní, "Gbogbo èyí tó ń sọ ní ìsọ̀ tíì wá ńkọ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́ fún un. Nínú bọ́ọ̀sì. Kí ni wọ́n so mọ́ ọ̀pá? Kí lobìnrin yẹn wí? Ó bi mí, ó bi mí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ó wá bi mí pé, ṣé inú mi dùn. Mo ní inú mi dùn gan-an. Ó ní kí n tún un sọ. Mo sì ń tún un sọ títí a fi dé Saigon."