Onígbàjámọ̀ Tí Kò Nírùngbọ̀n

Ọkùnrin kan wà tó ń fi fífá irùngbọ̀n àwọn ẹlòmíì jẹun, ṣùgbọ́n àgbọ̀n tirẹ̀ dán bí àwo tánńganran. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, ohùn rẹ̀ ṣì rí bíi ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbé fóònù, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ọ̀gá ńkọ́?" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Jọ̀lọ̀ làwọn oníbàárà ń pè é. A máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò dùn mọ́ ọn.

Onímọ̀ọ́tótó ni. Abẹ tuntun ló ń lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, sípíríìtì ló fi ń nu ẹ̀rọ ìgẹrun, fúnra rẹ̀ ló sì ń fọ aṣọ funfun tó ń so mọ́ni lọ́rùn. Bóyá ìdí nìyẹn tí àbúrò bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Dádì Kékeré, fi máa ń rí i lára. Èékánná ọkùnrin yìí dúdú fún ìdọ̀tí. Bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí àga oníbàárà, á máa fi ìka tú ẹran láàárín eyín, á sì fi ìka náà nu apá àga.

Lọ́jọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù kún, Dádì Kékeré dìde, ó gbá ìgbànú onígbàjámọ̀ mú.

"Bọ́ ṣòkòtò ká rí i! Ṣé akọ ni ẹ́ ni àbí abo?"

Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tí ọṣẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ìfófòó ń ta sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ já ara rẹ̀ gbà, ó sáré bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó sì bì. Kì í ṣe ìtìjú ló mú un bì, ìríra ni. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń fi kànìnkànìn ha ìbàdí níbi tí ọwọ́ yẹn ti kàn án.

Síbẹ̀, nítorí ẹkún ìyá rẹ̀, ó mu àgbo tí Dádì Kékeré gbé wá. Ó ń rùn bí ẹja tó ti kẹ̀. Irùngbọ̀n ò hù, ìgbẹ́ gbuuru ló dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì, ló bínú fà á lọ sílé ìwòsàn. Ó ní, "Inú ẹ kì í ṣe gọ́tà. O ò tún ní í mu nǹkan yẹn mọ́."

Dókítà àgbàlagbà obìnrin kan ló gbà wọ́n. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ gbà kí n yẹ̀ yín wò?" Onígbàjámọ̀ ní òun gbà. Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, dókítà ṣàlàyé. "Ìránṣẹ́ kan wà nínú ọpọlọ, kisipẹ́tíìnì lorúkọ rẹ̀. Bó bá tó àkókò kí ọmọ bàlágà, òun ló ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń sùn nínú ọpọlọ níbẹ̀, pé iṣẹ́ yá. Àwọn yẹn ló ń ránṣẹ́ sísàlẹ̀, sí kóró ẹpọ̀n ọkùnrin tàbí ilé ẹyin obìnrin. Nínú ara yín, ìránṣẹ́ ń kan ilẹ̀kùn, wọn ò gbọ́. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn."

"Ṣé èèyàn nìkan ló ní i?"

"Rárá o. Eku ní i, àgùntàn ní i. Níbi tí òtútù ti ń mú, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àgùntàn mọ àsìkò tó yẹ kó gùn."

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá mi, mà?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ máa ṣe é. Ẹ tiẹ̀ lè bímọ lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n mi ò ní í ṣèlérí fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ ha, ó wá ki. Irorẹ́ bo iwájú orí, irun sì yọ lágbọ̀n. Àwọn oníbàárà tó ti fi í ṣe ẹlẹ́yà wá ń na ọwọ́ láti fi pa á ní irùngbọ̀n, wọ́n ń pè é ní ọkùnrin ogun. Ìyìn wọn wá kó o nírìíra ju ẹ̀fẹ̀ wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bá Dádì Kékeré níwájú ṣọ́ọ̀bù tó to ìgò àgbo sórí tábìlì, tó ń tà á fáwọn èèyàn. Bàbá náà nawọ́ sí onígbàjámọ̀. "Ẹ wò ó! Àgbo mi ló tú u sílẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi hù!"

Obìnrin kan ti mú ìgò kan, ó gbé e sókè wò lójú oòrùn. Aáyán kan léfòó nínú rẹ̀. Ó figbe ta, ó sì jù ú sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ní, "Mà, mo mu ún, ìgbẹ́ ló fún mi. Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ló wò mí."

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi lò ń dójú tì níta?"

"Dádì, ojú yín ò ṣeé tì. Ẹ di ṣòkòtò mi mú lójú gbogbo ayé, ẹ tún wá ń fàgbọ̀n mi polówó. Ẹ rí mi lára. Ẹ má wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Ó da omi ìpakòkòrò sí ojú ibi tí àgbo dà sí, ó fọ̀ ọ́ títí òórùn fi lọ.

Dókítà ti sọ pé àbímọ́ni ni àìsàn rẹ̀ yìí, ó lè wà lára ọmọ ìyá rẹ̀ náà. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin ti ń sún mọ́ ìparí ilé ìwé girama, kò sì tíì bàlágà. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mú un lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, ṣé wọn ò ní í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa dán an wò. Ohun yòówù tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹ́."

Àìsàn kan náà ni wọ́n bá lára rẹ̀. Kíá ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rí orúkọ ẹ̀sín fi pè é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ariwo rẹ̀ ló gba ilé kan: gbogbo aṣọ rẹ̀ ti fún, ìyá wọn ò sì tíì rí òmíràn rà.