Bọ́ńpà Ẹ̀yìn Tí Kì Í Ṣe Tiwa

Télọ̀ ni mí ní Ìlobù, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń fura. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá pé kí n bá òun tún un ṣe, mo máa ń yí inú rẹ̀ síta kí n tó tẹ́tí sí àlàyé kankan. Mo ti rí bùbá tí wọ́n gé lára aṣọ orogún. Mo ti rí kábà tí wọ́n ká lórí okùn ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ló ní ìtàn dídùn lẹ́nu ẹni tó kó wọn wá. Nítorí náà, bí àwọn ará ilé mi bá ń pè mí ní onífura, mi ò bá wọn jà. Pańsá kò fura, pańsá já iná. Èmi kò ní í já iná ní tèmi.

Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù kan, aláwọ̀ búlúù, tó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Òun ni wọ́n fi ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko, òun náà ló gbé òkú ìyá mi wálé láti Òṣogbo. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kú, ọkọ̀ náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, koríko sì hù yí táyà rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu wọn láti ìgbà náà. Àwa ọmọ pinnu pé a ò ní í jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè lórí fóònù, a ó ní wọ́n ń kírun, tàbí wọ́n ń sùn.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Iléyá ń sún mọ́lé, wọ́n sọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́: kí a tún ọkọ̀ náà ṣe, kí àwọn fi lọ sí Yídì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Mo gbà á bí ẹni gba iṣẹ́ Ọlọ́run. Mo wá mẹkáníìkì, ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó sì tò ó padà, títí ọkọ̀ fi wúkọ́ tó sì dìde. Èmi alára ni mo fi kànìnkàn fọ ara rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń fọ bọ́ńpà ẹ̀yìn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ tó bò ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àwọ̀ ewé sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ búlúù, kí ni àwọ̀ ewé ń wá nídìí rẹ̀? Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó bí mo ṣe máa ń wo aṣọ lára oníbàárà. Kò jókòó dáadáa. Ó yọ síta lọ́wọ́ òsì, ó sì kúrú lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ti lu ihò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àtijọ́ kí bóòtù lè wọlé. Wáyà iná tó yẹ kó tan ìmọ́lẹ̀ sí nọ́ńbà ọkọ̀ kàn ń fì lásán, nítorí bọ́ńpà yẹn kò ní ibi tí iná máa gbé. Ẹnìkan ti yọ tiwa lọ, ó sì fi tirẹ̀ dípò.

Mo kọjú sí mẹkáníìkì. "Níbo lo gbé bọ́ńpà ọkọ̀ yìí lọ?"

"Mọ̀mí, bí mo ṣe bá a nìyẹn. Wọ̀láì, mi ò fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó bá tètè búra, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, ṣùgbọ́n ti gírísì ni. Mo fi sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo wọlé lọ bá bàbá mi.

"Bàbá, ta ló ni bọ́ńpà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń gbọ́ tiwọn. "Tè... mi... ni."

"Kì í ṣe ti ọkọ̀ yín, sà. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni."

"Tèmi ni," wọ́n tún wí, wọ́n sì di ojú bí ẹni tó fẹ́ sùn.

Ó yé mi, tàbí kí n ní mo rò pé ó yé mi. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ rí. Ẹnìkan ti tan bàbá mi nígbà tí mo wà ní Ìlọrin tí mo ń kọ́ṣẹ́, tí mo sì lọ́kọ síbẹ̀, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ. Inú bí mi dé ọ̀run. Mo ní bàbá mi kò ní í gun ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn lọ sí Yídì lójú gbogbo Ìlobù.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá bọ́ńpà kiri nìyẹn. Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àjákù ọkọ̀ lójú ọ̀nà Òṣogbo. Téèpù tí mo fi ń wọn ìbàdí àwọn obìnrin wà lọ́rùn mi, òun ni mo fi ń wọn irin. Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá, ó ní orígínà ni, òun gan-an ni ọkọ̀ náà bá wọ̀lú. Mo wọ̀n ọ́n, ó gùn ju tiwa lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó ní kò burú, kí n jẹ́ kí àwọn gé e. Mo ní ṣé aṣọ ni? Ní Ẹ̀rìn, wọ́n fi èyí tó ń dán gbinrin hàn mí. Òórùn ọ̀dà ṣì ń jáde lára rẹ̀. Mo fi èékánná ha á, mo sì rí i pé páànù tuntun ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní àtijọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni náà jà.

Wẹ́dà kan tó jókòó nítòsí ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mọ̀mí, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Mo mọ ibi tí èyí tí ẹ ń wá wà. Píkọ́ọ̀pù kan wà ní Ìfọ́n, bàbá àgbà kan ló ni ín. Àwọ̀ ewé lọkọ̀, ṣùgbọ́n búlúù ni bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti bá wọn jó irin níbẹ̀ rí."

Ara mi gbóná. Wọ́n ti mú olè, ó kù ká dè é.

Ìfọ́n kò jìnnà sí wa rárá. Àmọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wọ àárín ìlú méjèèjì, ẹni tí kò bá ní nǹkan ṣe níbẹ̀ kì í kàn gbéra lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo jókòó ṣinṣin, mo sì ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú wa. Àwọn náà ń wo tèmi.

Kò ṣòroó rí. Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé, wọ́n fi tapólì bo orí rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì kọjú sí títì. Búlúù bọ́ńpà náà ni búlúù ọkọ̀ bàbá mi. Ihò iná wà níbi tó yẹ kó wà. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, wọ́n ń yín àgbàdo sínú igbá.

Mo kúnlẹ̀. Ìbínú kì í ní kí a má kí àgbà. "Ẹ kú ìjókòó o, sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ará ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Dìde. Ọmọ ta ni ọ́?"

Nígbà tí mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, igbá àgbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi! O jọ ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá rẹ ńkọ́? Ara rẹ̀ le?"

Mo wò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ni jẹ, ìbátan ló kọ́kọ́ máa ń wá. "Ara wọn le kokoko, sà. Oko ni wọ́n lọ."

"Oko!" wọ́n ní, inú wọn dùn. "Ọlọ́run ṣeun. Kí ló ní kí o wá ṣe?"

"Bọ́ńpà ọkọ̀ wọn ni mo wá gbà."

Ọ̀rọ̀ náà dá ẹ̀rín dúró lójú wọn. Wọ́n gbé igbá sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Òun ló rán ọ?"

Bí mo bá ní èmi ni mo rán ara mi, wọn á ní kí n máa lọ sílé, obìnrin ni mí. Iṣẹ́ tí àgbà bá rán ni nìkan ni àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ́. "Àwọn ni, sà."

"Fúnra rẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọlé, wọ́n mú sípánà àti ìgò òróró jáde. Àwọn ọmọ ilé sáré wá láti bá wọn ṣe é, wọ́n lé wọn padà. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń kán òróró sára nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró, wọ́n ń tú u. Nígbà tí ó bọ́, wọ́n fi etí bùbá wọn nu erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi.

"O ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ," wọ́n ní. "Sọ fún un pé mo gbọ́."

Gbogbo ọ̀nà padà sílé ni mo fi ń yọ̀ nínú. Wọn ò tilẹ̀ bá mi jiyàn. Olóòótọ́ á jà, á bèèrè ẹ̀rí, á pariwo. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dá lẹ́bi ló máa ń tètè dá ohun olóhun padà.

Mẹkáníìkì fi bọ́ńpà náà sí i, kò ní kó lu ihò kan. Bóòtù wọlé wẹ́rẹ́, wáyà rí ibi gbé, iná sì tàn. A gbé bàbá mi lórí àga wá sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ń retí pé wọn á ṣàdúrà fún mi.

Wọ́n wo bọ́ńpà náà. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n fọwọ́ kàn án. "Ní... bo?"

"Ìfọ́n ni, Bàbá. Mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn."

Omi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi, mi ò rí ẹkún wọn rí. "Ó dá a... padà," wọ́n ní. "Kí ni... mo... ṣe fún un?"

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kí n lè gbọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ jáde. Àwọn àti Bàbá Ìfọ́n jọ ra ọkọ̀ ní ìgbà kan náà, wọ́n jọ ń kó ẹrù. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn ṣe máa ń pààrọ̀ fìlà, àwọn pààrọ̀ bọ́ńpà ẹ̀yìn, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀kan lè mọ̀ pé ti èkejì ni. Wọ́n sì bá ara wọn ṣàdéhùn pé ẹ̀bùn náà kò gbọdọ̀ padà. Ẹni tó bá dá a padà ti kọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò tún sí àlàyé, bí ìgbà tí ìyàwó bá dá ẹrù ìdána padà.

Mo rántí "Sọ fún un pé mo gbọ́." Bàbá Ìfọ́n gbà pé ọ̀rẹ́ àwọn, tí ara rẹ̀ le, tó ń lọ sóko, ló ní òun kò ṣe mọ́. Bàbá mi sì gbà pé Bàbá Ìfọ́n ló kọ àwọn nítorí àìsàn. Ẹnu mi ló wà láàárín wọn. Mo sọ irọ́ tí mo pa fún bàbá mi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí.

Wọn ò bú mi. Wọ́n fi ọwọ́ òsì lu ara ọkọ̀. "Tú u."

Lójú ẹsẹ̀ ni mẹkáníìkì yọ èyí tó bá ọkọ̀ mu, ó fi aláwọ̀ ewé wíwọ́ yẹn sí i padà. Ó gbé búlúù sẹ́yìn ọkọ̀, ó jókòó sídìí sítárìn, bàbá mi wà ní àárín, èmi sì há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. A kọrí sí Ìfọ́n. Ọkọ̀ ń wúkọ́ títí a fi dé ibẹ̀.

Bàbá Ìfọ́n jáde nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọn ò kí wa. Mo rò pé ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé a wá bá wọn jà. Mẹkáníìkì ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó fi wọ́n jókòó sórí àpótí tó wà níwájú ilé.

Ojú Bàbá Ìfọ́n kúrò lára ẹsẹ̀ tí wọ́n wọ́ nílẹ̀, ó bọ́ sára apá tó rọ̀. Wọ́n wá, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi sínú ọwọ́ wọn méjèèjì. "Láti ìgbà wo?"

Bàbá mi la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Bàbá Ìfọ́n yíjú sí mi. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: àìsàn, Yídì, bọ́ńpà, àti pé kò sẹ́ni tó rán mi.

"Mo pè, mo pè," wọ́n ní. "Wọ́n ní ó ń kírun. Wọ́n ní ó ń sùn. Kí ló dé tí ẹ fi pa á mọ́ fún èmi?"

Mi ò rí irọ́ kankan pa mọ́. "Ẹ má bínú, sà. A ò mọ ẹni tó máa yọ̀ wọ́n ni."

Wọn ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n ṣì di ọwọ́ náà mú, omi ojú wọn ń bọ́ sórí rẹ̀, bàbá mi ò sì lè mọ̀ ọ́n lára, nítorí ọwọ́ náà ti kú.

"Gbé ojú sókè, ọmọ mi," wọ́n ní. "Wò mí dáadáa. Ṣé mo ń yọ̀?"