Ẹja Tó Ń Roko fún Iyùn

Iyùn tí a mọ̀ ní Kàbbà níbí, ti ọrùn ni. Ọmọbìnrin mi ló kọ́ mi pé ohun ẹlẹ́mìí ni nínú òkun, pé ó máa ń mọ ara rẹ̀ ga bí ògán, tí àwọn ẹja kéékèèké á sì fi í ṣe ilé. Iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn ní erékùṣù kan tó jìnnà sí wa: ó ń wọ inú omi lọ ṣọ́ iyùn.

Òun nìkan lọmọ mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá jókòó sábẹ́ igi kaṣú níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára, á sì pè mí.

"Bàbá, ẹ wo ẹni tó ń dá mi dúró." Ó fi ẹja kan hàn mí nínú fóònù. Ó tóbi tó àgbò, ẹnu rẹ̀ dà bí ti odídẹrẹ́, iwájú orí rẹ̀ sì yọ gọngọ. "Iwájú orí yín ló gbé wọ̀."

"Bó bá jẹ́ pé òun lo fẹ́ fẹ́, kó wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àtàárọ̀ dalẹ́ ni ẹja náà ń họ ewéko kúrò lára iyùn. Bí kò bá sí irú wọn, ewéko á bo iyùn pa.

"Àgbẹ̀ ni, àbí? Ó ń roko fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n ti pa púpọ̀ nínú wọn. Bí mo bá wálé, ta ni yóò máa bẹ àwọn apẹja?"

Àdúrà mi pé kó wálé kò yí padà ṣá.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú omi kan wá láti ibòmíràn, wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún àwọn ẹja ńlá náà níbi tí wọ́n sùn sí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí iyùn fi hu ewéko, tó rí bí oko tí olóko ti kú. Ọmọ mi fi hàn mí, kò sunkún. "Màá máa bọ̀ wálé, Bàbá."

Ó ti dé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Mopa, ó sì ń wá sọ́dọ̀ mi lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ń kí mi kú oríire ọmọ tó wálé, mo sì ń dúpẹ́. Ohun tí mo tọrọ gan-an ni Ọlọ́run fún mi, ṣùgbọ́n báyìí kọ́ ni mo ṣe fẹ́ kó wá.

Mo bi í bóyá irú ẹja náà mìíràn lè dàgbà níbẹ̀. Ó ní yóò dàgbà, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n yóò pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ ká aṣọ tó sá.