Gọ́tà Irinwó Mítà

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àfikún kì í ṣe olè. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í dín sìmẹ́ǹtì kù, odi tó bá mọ, èèrà ò ríbi gbà kọjá. Àmọ́ bó bá ṣiṣẹ́ mẹ́rin, márùn-ún ló máa kọ sínú ìwé tó fi ń gbowó.

Ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbé iṣẹ́ fún un ló kọ́ ọ. Ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún kì í dìde lórí àga. Ìwé yòówù tó bá dé iwájú rẹ̀, á fa báírò pupa yọ, á gé ìdá kan nínú márùn-ún kúrò, á ní òpùrọ́ ni gbogbo agbaṣẹ́ṣe. Bàbá Àfikún náà á ti yáa fi kún un sílẹ̀. Irọ́ tibí, irọ́ tọ̀hún, owó á pé géérégé, kálukú á sùn.

Ìgbà tó wa gọ́tà iwájú ilé ìwé tán, tó ti fi ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé dúró ní bánkì torí owó sìmẹ́ǹtì, ni ọ̀gá náà fẹ̀yìn tì. Irinwó mítà ni gọ́tà. Bàbá Àfikún kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ lọ wo irú ẹni tí wọ́n gbé wá. Ọkọ ní kí ni òun fẹ́ lọ wò, ṣebí àga kan náà ni.

Obìnrin ni wọ́n gbé wá, kò sì gé nǹkan kan. Téèpù ló gbé, ó wọn gọ́tà náà látòkèdélẹ̀ nínú oòrùn, ó sì fi fáìlì ránṣẹ́ sí kóòtù. Òfin ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bu iye lé iṣẹ́ ìjọba yóò pàdánù gbogbo owó náà, títí kan èyí tó ṣiṣẹ́ fún.

Lọ́yà rẹ̀ fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ní kó ṣáà sọ pé òun ṣì í wọ̀n ni, wọ́n á san owó irinwó fún un, ilé á bọ́ lọ́wọ́ bánkì. Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá Àfikún wọra. Òun tó ti ń wọn ilẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!

Nígbà tó kan án, adájọ́ béèrè bóyá àṣìṣe ni.

“Olúwa mi, èmi kì í ṣi ilẹ̀ wọ̀n. Irinwó ni, kò lé, kò dín. Mo ti mọ̀ kí n tó kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.”

Lọ́yà gbórí lé tábìlì. Ìyàwó Bàbá Àfikún bú sẹ́kún lẹ́yìn, torí ó mọ̀ pé ilé ti lọ nìyẹn. Adájọ́ bi í lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó fẹ́ ṣàánú, ó tún sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ni adájọ́ bá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Àfikún ti sọ fún ìjọba láyé rẹ̀, èyí nìkan ni wọ́n gbà láìgé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.