Àáró Inú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Mo lo oògùn náà kọjá ìwọ̀n lọ́dún tí mo kọ́kọ́ fi eré kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Adja-Ouèrè bí a ṣe ń darí òwò àgbẹ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni mo pín wọn sí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní oko ẹ̀gẹ́ àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nínú eré náà, sáà mẹ́rin ni wọn yóò sì fi bára wọn díje. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi yóò tún ọdún náà kà.

Ní sáà kìíní, ẹgbẹ́ kìíní kórè yamùrá, ẹ̀gẹ́ àwọn yòókù rà sílẹ̀. Ní sáà kejì, ẹgbẹ́ kejì ló bọ́ síwájú. Ní ìkẹta, ẹgbẹ́ kẹta ni. Ara fu mí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo bá sún mọ́ wọn, wọ́n á dákẹ́.

Mo yẹ inú ẹ̀rọ wò. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń kó òṣìṣẹ́ wọn fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ kẹrin ni mo fura sí jù, torí wọ́n ń fúnni ṣáá, wọn kò gba nǹkan kan. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ yòókù ti fowó rà wọ́n ni. Inú bí mi, mo pa eré náà kí sáà kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ṣe máàkì, ẹgbẹ́ kẹrin ló gbẹ̀yìn, mo sì fi máàkì náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin tó ṣáájú ẹgbẹ́ kẹrin, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Massè, wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo bi í pé kí ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù fún wọn. Ó wò mí bíi pé n kò dé oko rí.

“Àáró ni, màdáàmù. Lónìí oko tiwọn, lọ́la oko tiwa. Ẹ̀yin lẹ ní ká ṣe é bí ẹni tó wà lóko.”

Ojú tì mí. Àáró ni bàbá mi fi dáko ní Oko-Akarè. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó wá sá nígbà tó kan ẹlòmíràn, olè ni wọ́n ń pè é. Mo bi í bóyá àwọn ẹgbẹ́ yòókù ló sá.

“Rárá o. Wọ́n ti kó òṣìṣẹ́ wọn jọ dè wá. Ìgbà tó kàn wá lẹ pa ẹ̀rọ.”