Rédíò Tí Àsíátù Fi Ọwọ́ Gbọ́

Télọ̀ ni Àdìsá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ìlá, yóò rò pé iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe. Wáyà ni yóò kọ́kọ́ rí. Wáyà pupa, wáyà dúdú, wáyà tí wọ́n tú kúrò lára mọ́tò tó ti kú, gbogbo rẹ̀ rọ̀ dirodiro lára ògiri. Abẹ́ wọn ni aṣọ àwọn oníbàárà wà.

Ogun Hítílà ló gbé e dé ìdí wáyà. Ní ilẹ̀ Bọ́mà, àwọn ọ̀gá ṣójà fi í sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti inú igbó kan sí òmíràn. Wọ́n kọ́ ọ ní èdè ẹ̀rọ náà, ìró kúkúrú àti ìró gígùn, tí a ń tò pọ̀ títí tí yóò fi di lẹ́tà, tí lẹ́tà yóò sì di ọ̀rọ̀. Nígbà tó padà sí Ìlá ní ọdún 1946, iṣẹ́ télọ̀ tó ti kọ́ kó tó lọ náà ni ó tún gbá mú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ó bá gbọ́ pé rédíò ẹnì kan bàjẹ́ ní Òṣogbo tàbí ní Ìlọrin, tí wọ́n fẹ́ jù ú nù, a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun tọ́jú àfọ́kù rẹ̀. Ó ń tú u, ó ń tò ó. Kò ní i lọ́kàn láti tà á. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé ni.

Ahunṣọ ni Àsíátù ìyàwó rẹ̀. Kíjìpá ni ó ń hun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn aládùúgbò a máa ní bí ọwọ́ Àsíátù bá ti ń hun aṣọ, ẹnu rẹ̀ náà a máa hun tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọdún 1951, ibà líle kan dá a dùbúlẹ̀. Ọrùn rẹ̀ gan, kò sì mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dìde jókòó, ó rí i tí ètè ọkọ rẹ̀ ń mì, ó ní, "Bàbá Àmínátù, kí ló dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbé ohùn jáde?"

Igbe ni Àdìsá ń ké.

Etí Àsíátù kò là mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí ohùn òun ti ń lọ sókè tó, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn ń wo ara wọn lójú bí òun bá la ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ ni ó dákẹ́. Èyí dun Àdìsá ju etí tó di lọ. Ó lè rán aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan má ti inú ilé wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó tì í nídìí òfì, ó gba ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì fi ìka kàn án ní àtẹ́lẹwọ́. Ó kàn án ní kúkúrú lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó mú ẹfun, ó kọ lẹ́tà A gàdàgbà sára ògiri. Àsíátù kò kàwé rí. Ó tó ọdún méjì kí ó tó mọ gbogbo lẹ́tà náà lójú àti lọ́wọ́. Kò sì sí àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà nínú èdè ìka, òye ni ó fi ń gbé e. Nígbà kan tí Àdìsá sọ fún un pé òun ń lọ sí oko, ọkọ́ ni ó lọ gbé wá fún un. Gbólóhùn kìíní tó gbà láìsí àṣìṣe ni pé ebi ń pa ọkọ rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Gbogbo wàhálà yìí, ẹ kò rí nǹkan mìíràn bá mi sọ?"

Àmínátù nìkan ni ọmọ wọn. Ní ọdún 1957, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin ní Ìbàdàn. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ó kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ rédíò ti yan àwọn mẹ́ta nínú wọn láti bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ìlú wọn. Ọjọ́bọ̀, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni tirẹ̀. "Kíjìpá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí," ni ó kọ síbẹ̀.

Inú Àdìsá dùn, ojú sì tì í. Ọ̀nà wo ni yóò gbà sọ fún ìyá tí kò gbọ́ràn pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé? Ó ki lẹ́tà náà bọ àpò. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbé e kiri.

Ní ọjọ́ kẹrin, Àsíátù wọ ṣọ́ọ̀bù wá, lẹ́tà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àpò aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀ ni mo ti rí i. Mo ti kà á. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Àdìsá gba ọwọ́ rẹ̀, ó kàn án pé, báwo?

Àsíátù fi àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì tí máṣíìnì ìránṣọ wà lórí rẹ̀. "Bí mo ṣe ń gbọ́ èyí. Bí ẹ bá ń rán aṣọ, láti orí àga ni mo ti ń mọ̀."

Rédíò kan wà tí Àdìsá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ sínú àpótí pákó. Bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́, torí kò sí iná ní Ìlá nígbà náà. Ó yọ pákó iwájú rẹ̀ kúrò kí ọwọ́ Àsíátù lè súnmọ́ sípíkà, ibi tí ohùn ń gbà jáde. Ní Ọjọ́rú wọ́n dán an wò. Àsíátù fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpótí náà mú, ó ní, "Ọkùnrin ni ẹni yìí." Òótọ́ ni.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, rédíò náà kú. Ó ṣe kúù, ó ta pàrà, ó sì dákẹ́. Àdìsá fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì dán bátìrì wò, gílóòbù tàn yanran. Ó yọ àwọn gílóòbù inú rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu ẹsẹ̀ wọn, ó dá wọn padà, gbogbo wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bó ṣe yẹ. Ó gun igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé lọ wo wáyà tó ń gba ohùn láti ojú ọ̀run, kò já. Nígbà tó kírun aláàsárì tán, kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Òjò bá dé.

Òjò yẹn kò ní àrá, ṣùgbọ́n ó wúwo. Orí páànù ilé ń ró bí ẹni da òkúta sí i. Tíṣà Adéníran, aládùúgbò wọn, sáré wọlé pẹ̀lú agbòjò. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò wá gbọ́ ọmọ wọn.

"Ẹ kú ìjókòó o! Ó ti ń sọ̀rọ̀ bí?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní, ó ti ń sọ̀rọ̀?"

Àdìsá mi orí. Iṣẹ́ tó kù láti ṣe kò ṣeé ṣe nínú ariwo bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ogun pé bí ẹ̀rọ bá ń kú tó ń jí, kí ènìyàn fi igi gún oríkèé wáyà kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, kí ó sì tẹ́tí. Oríkèé tó bá ta pàrà ló ní àìsàn. Ó gbé igi pẹlẹbẹ kan, ó gún, ó tẹ́tí. Òjò nìkan ni ó gbọ́. Ó jókòó, ó sì gbé orí lé ọwọ́.

Àsíátù ti ń wò ó láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó fa àpótí sún mọ́ tòsí, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ojú sípíkà.

"Ẹ tún gún un. Ẹ má yára."

Àdìsá gún ìkíní. Àsíátù mi orí. Ó gún ìkejì, ó gún ìkẹta. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, Àsíátù ta kìjí.

"Ibẹ̀! Ó mí sí mi lọ́wọ́. Ẹ padà síbẹ̀. Áà, ó tún mí!"

Àdìsá tẹ orí mọ́ ọn. Òjé tó fi lẹ wáyà mọ́ra níbẹ̀ ń dán lókè, ṣùgbọ́n kò di wáyà mú nísàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ki irin bọ inú ẹyin iná àyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ. Nígbà tí irin pọ́n, ó yọ́ òjé náà, ó sì tún un lẹ̀.

Adéníran na agogo ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Òjò kò dá. Nígbà tí aago márùn-ún lù, Adéníran kò gbọ́ nǹkan kan láti ibi tó dúró sí. Àdìsá gbé etí kan lé ẹ̀gbẹ́ sípíkà, ojú rẹ̀ kọjú sí ti ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Àsíátù wà lórí sípíkà, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà nínú ti ọkọ rẹ̀.

"Obìnrin ni," ni Àsíátù wí. "Bàbá Àmínátù, ṣé òun ni?"

Àdìsá kàn án pé, òun ni.

Ìka kò lè bá ẹnu sáré. Bí Àmínátù bá sọ ọ̀rọ̀ ogún, ẹyọ kan ni bàbá rẹ̀ ń rí mú. Òwú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé wa. Lẹ́yìn náà, ó dúró díẹ̀, ó sì kàn án, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: Ìyá mi ló kọ́ mi. Àsíátù pa ojú dé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò láti nù ún. Adéníran yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo òjò.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. "Àlùhámúdùlíláì," ni Àdìsá wí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, rédíò Adéníran bàjẹ́. Ó gbé e wá, ó ní, "Bàbá Àmínátù, ẹ máà bínú, Ìyá ni mo gbé e wá fún." Ẹnì kan tún gbé tirẹ̀ wá láti Iresi. Bí iṣẹ́ bá ti ṣòro, Àdìsá a pe ìyàwó rẹ̀ láti ìdí òfì, òun a máa gún, ìyàwó a máa sọ fún un.

Ní oṣù Kejìlá, Àmínátù wálé fún ìsinmi. Bàbá rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí i nípa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmínátù kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì gba ọwọ́ rẹ̀. Èdè ìka kò yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ó kàn án pé, ẹ̀rù bà mí.

"Mo mọ̀," ni Àsíátù wí. "O dúró láàárín, ó pẹ́ kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run lọ́wọ́ pé kí ó rán ọ lọ́wọ́."

Àmínátù kàn án pé òun gbàgbé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ni.

"Mo tún gbọ́ pé o ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń ri òwú bọ aró. Bàbá rẹ sọ fún mi. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀meje ni, bí a bá fẹ́ kó dú dáadáa. Gbogbo ayé lo parọ́ fún yẹn o. Bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ, kí o sì máa bọ̀ nídìí ìkòkò aró."